Ojú Mọ́mì Kétu Ni Mo Fi Ń Tajà

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 6, oṣù karùn-ún

Owó dátà mi ti bá asán lọ. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ni fọ́tò mi ti wà lórí WhatsApp tí mo ṣí fún ọjà títà. Ata rodo lọ́wọ́ ọ̀tún, tòmátì lọ́wọ́ òsì, mò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ènìyàn mẹ́ta péré ló bá mi sọ̀rọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n gbé ọjà wá ná, òun á sanwó tó bá yá. Ẹnì kejì fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti níyàwó. Ẹnì kẹta, obìnrin kan ní Gbàgádà, kọ ọ́ sí mi pé, "Bọ̀dá, ẹ má bínú o, ojú yín jọ ojú ọmọ yàhúù."

Èmi Mutolib! Èmi tí mo ti ń ru apẹ̀rẹ̀ ní Mile 12 láti kékeré! Mo lọ dúró níwájú dígí, mo wo irùngbọ̀n, mo wo irun orí. Kí n má parọ́, tí èmi náà bá rí mi lórí fóònù, mi ò ní fowó ránṣẹ́ sí mi.

Òjò rọ̀ láàárọ̀. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì ńlá ti di ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́rin.

Jímọ̀, ọjọ́ 9

Mo yọ ojú ara mi kúrò lórí fóònù lónìí. Ó dùn mí o.

Mo wá inú àwọn fọ́tò àtijọ́, mo rí ti ọdún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá. Mọ́mì Kétu ló wà níbẹ̀, níwájú ìsọ̀ wọn, pẹ̀lú ìborùn aláwọ̀ ewé, apẹ̀rẹ̀ tòmátì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín débi pé ojú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Kò sí ẹni tó máa rí ẹ̀rín yẹn tí kò ní ra ata. Àtàǹpàkò ẹni tó ya fọ́tò náà yọ sí igun kan nísàlẹ̀, mo gé e kúrò. Mo yí orúkọ padà sí Alhaja Alátà Mile 12.

Ó yẹ kí n tọrọ àyè, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wà nínú opó. Alhaji Ṣùáíbù, ọkọ wọn, ò tíì pé oṣù kan nínú ilẹ̀. Ta ló ń gbé ọ̀rọ̀ fọ́tò lọ bá ẹni tó ń sunkún ọkọ? Àti pé àbúrò ìyá mi ni wọ́n, àwọn ló tọ́ mi láti ọmọ ọdún mọ́kànlá tí ìyá mi ti kú. Ohun tó bá jẹ́ ti ìyá, ti ọmọ náà ni. N óò sọ fún wọn tí wọ́n bá jáde opó lóṣù kẹjọ. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo tiẹ̀ fẹ́ fi dán an wò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 15

Ẹ wá wo nǹkan! Ọjọ́ mẹ́fà, kọ́sítọ́mà mọ́kàndínlógún.

Obìnrin kan ní Mende, Ìyáàfin Adédiwúrà, ra ata àti àlùbọ́sà ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti fowó ránṣẹ́ kí n tó béèrè. Ó ní, "Alhaja, bí mo ṣe rí ojú yín báyìí, ọkàn mi balẹ̀. Ẹ jọ ìyá mi." Mo kọ ọ́ padà pé, "Ọlọ́run á bá ẹ dá ìyá ẹ sí, ọmọ mi." Ọmọ mi! Obìnrin tó máa fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni ìpè. Wọ́n á pè, mi ò sì lè gbé e pẹ̀lú ohùn mi tó dà bí ohùn kọ́ńdọ́tọ̀ dánfó. Mo máa ń kọ ọ́ pé, "Mò ń kírun lọ́wọ́, ọmọ mi, ẹ kọ ọ́ síbí." Ìrun tí Alhaja mi ń kí lójúmọ́ ti ju márùn-ún lọ. Lánàá nìkan ó kí mẹ́rìnlá.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 20

Ọkùnrin kan béèrè bóyá Alhaja tó wà nínú fọ́tò yìí ṣì wà láyé, tàbí fọ́tò tí wọ́n kàn rí he ni. Inú bí mi bí ẹni pé ó purọ́ mọ́ mi. Láti ìgbà náà, láràárọ̀, mo ń kọ ọjọ́ sára fọ́tò náà kí n tó gbé e síta: LÓNÌÍ, ÌṢẸ́GUN, ỌJỌ́ 20, ALHAJA WÀ LỌ́JÀ. Mo ń yí àwọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lánàá mo jẹ́ kí ó mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán, lónìí mo jẹ́ kí ó ṣú bí ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀, torí òjò fẹ́ rọ̀ lóòótọ́.

Ẹni tó rí i á rò pé àárọ̀ òní ni wọ́n yà á. Iṣẹ́ ọwọ́ mi mọ́ tónítóní.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 28

Aliyah, ọmọ Mọ́mì Kétu, rí mi lọ́jà. Òun ló ń jókòó sí ìsọ̀ látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti wọlé opó. Ó ní, "Bọ̀dá Mutolib, Mọ́mì ń béèrè yín o. Wọ́n ní látọjọ́ fídáù Dádì, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ wá."

Mo ní ọwọ́ mi dí.

"Ọwọ́ ta ni kò dí?" Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Àwọn ará àdúgbò ń wá jókòó tì wọ́n. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ò rí àyè."

Mo ṣa tàtàṣé tó dáa sínú àpò ráfíà kékeré kan, mo ní kí ó bá mi gbé e fún wọn. Láti Ìkòsí tí mò ń gbé dé ọ̀dọ̀ wọn ní Kétu, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ẹsẹ̀ lásán. Kì í ṣe pé mi ò ráyè. Mo ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. Mo dé orí òpópónà wọn, mo rántí fọ́tò yẹn, mo yí padà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó síwájú wọn, kí fóònù máa dún nínú àpò mi, kí àwọn ènìyàn máa pè wọ́n ní Alhaja nínú rẹ̀?

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 3, oṣù kẹfà

Ọjà Iléyá. Ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo kó ẹrù fún láàárín òní nìkan. Ẹ̀yìn mi fẹ́ já. Ẹrẹ̀ Mile 12 ti gba bàtà mi kan lọ.

Nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ kọ̀wé lọ́sàn-án: "Alhaja, ṣé ẹ wà lọ́jà lónìí? Ṣé ẹ̀yin gan-an ni?" Èmi tí mo wà láàárín àwọn aláàárù, tí òógùn ń dà lójú mi, mo fi ìka tó dọ̀tí tẹ̀ ẹ́ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mi, èmi gan-an ni. Orí ìdúró ni mo wà láti àárọ̀, ẹsẹ̀ ń ro mí." Ó dáhùn pé, "Ẹ kú ìdúró o." Kò ra nǹkan kan. Onítọ̀hún kàn ń fi àkókò mi ṣòfò.

Jímọ̀, ọjọ́ 6

Mo kírun Iléyá. Mi ò dé Kétu.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 12

Yéè! Kí ni mo ṣe yìí?

Mo kọjá níwájú ìsọ̀, mo bá Aliyah, ó tẹrí mọ́ orí igbá, ó ń sunkún. Mo rò pé wọ́n jà á lólè ni. Ó ní Alhaji Rahmon, àbúrò bàbá òun, wá sílé lánàá pẹ̀lú ìyàwó wọn, Nusirat. Wọ́n ní Mọ́mì ń yọ́ jáde lọ tajà nínú opó. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ Nusirat ló fi fọ́tò Mọ́mì lórí WhatsApp hàn án. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹni tó jọ Mọ́mì ni, ó wá kọ̀wé sí nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ láti wádìí. Wọ́n ní Mọ́mì fúnra wọn ló dá a lóhùn pé àwọn wà lọ́jà, pé ẹsẹ̀ ń ro àwọn.

"Bọ̀dá Mutolib, ọjọ́ wà lára gbogbo fọ́tò náà! Ọjọ́ kan tẹ̀lé èkejì! Mọ́mì ò sì jáde rí, kódà ẹnu ọ̀nà àbájáde, wọn ò dé ibẹ̀!"

Mo dì mọ́ òpó ìsọ̀. Nusirat ni ẹni tó kí mi kú ìdúró.

Alhaji Rahmon ní ìsọ̀ ìdílé àwọn ni ìsọ̀ yẹn, bàbá àwọn ló kọ́kọ́ ní in, ẹ̀gbọ́n àwọn kàn ń lò ó ni. Obìnrin tí kò lè fi oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá jókòó de ọkọ rẹ̀, àwọn ò ní fi ìsọ̀ bàbá àwọn sílẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ náà ti dé mọ́ṣáláṣí. Àwọn obìnrin tó ń wá jókòó ti Mọ́mì, méjì péré ló wá lónìí.

Mo fẹ́ sọ ọ́ fún Aliyah níbẹ̀. Ọlọ́run ló rí mi. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, "Má sunkún mọ́, ó máa yanjú."

Jímọ̀, ọjọ́ 13

Mo pa gbogbo fọ́tò náà rẹ́ lórí WhatsApp. Mo yọ orúkọ. Mo pa nọ́ńbà náà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 14

Aliyah ní Alhaji Rahmon ti gbọ́ pé fọ́tò náà ti kúrò. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i? Bí a ṣe bá a sọ̀rọ̀ tán ló yọ ọ́. Ẹni tí kò jalè kì í sá."

Mọ́mì ránṣẹ́ sí mi pé ìpàdé wà lọ́la, pé kí n wá jókòó fún àwọn. Wọn ò ní ẹlòmíràn nínú ẹbí wa tó wà nítòsí. Èmi ni ẹlẹ́rìí wọn.

Àìkú, ọjọ́ 15

Mo fẹ́ kọ eléyìí bó ṣe rí, kí n má bo nǹkan kan mọ́lẹ̀.

Mọ́mì jókòó lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nínú aṣọ opó. Wọ́n ti rù. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní, "O ṣeun ọmọ mi, o wá," wọ́n sì ní kí n jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún àwọn. Alhaji Rahmon wà lórí àga, Nusirat lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Alfa àdúgbò láàárín.

Nusirat ka ọ̀rọ̀ inú fóònù síta. Ó fi ohùn àgbà obìnrin kà á: "Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mi, èmi gan-an ni." Ọ̀rọ̀ ẹnu mi.

Mọ́mì ní, "Nusirat, mi ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ WhatsApp. Fóònù tèmi rèé, ìpè nìkan ló mọ̀."

Alhaji Rahmon ní, "Ìyá Aliyah, Aliyah ní fóònù ńlá. Ọmọ kò lè tẹ̀ ẹ́ fún ìyá rẹ̀ ni?"

"Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà lọ́jà bóyá wọ́n rí mi."

"Ẹgbẹ́ kan náà ni yín. Wọ́n á bò yín láṣìírí."

Mọ́mì wá yíjú sí mi. "Mutolib, ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ fóònù. Bá mi sọ fún wọn. Ṣé fọ́tò ò lè jẹ́ ti àtijọ́?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Mọ́mì."

Alfa ní, "Ó dáa. Ta ló wá kọ ọjọ́ sí i? Ta ló ń dáhùn?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀ o, Alfa."

Mi ò mọ̀ o! Ahọ́n mi ló sọ ọ́, lójú obìnrin tó fún mi ní ẹja tó wà nínú ọbẹ̀ tirẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Mọ́mì mi orí. Wọ́n tiẹ̀ ní, "Ó kúkú gbìyànjú."

Alfa ní ọ̀rọ̀ ìsọ̀ tí Alhaji Rahmon ń sọ kò sí nínú òfin opó, ọ̀rọ̀ ìdílé nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ara lè tu gbogbo ènìyàn, kí Mọ́mì búra pẹ̀lú Al-Kùránì ní Àìkú tó ń bọ̀. Mọ́mì ní àwọn máa búra. Alhaji Rahmon ní kí ìsọ̀ wà ní títì títí dìgbà náà. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Aliyah.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 17

Mo ra ẹ̀bà, mi ò lè jẹ ẹ́. Òjò láti àárọ̀ dalẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 19

Mo tan nọ́ńbà náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n lè yọ àdírẹ́sì àwọn tó ti sanwó sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìyáàfin Adédiwúrà ló kọ́kọ́ wọlé, mẹ́rin ni. "Alhaja, ọjọ́ kẹta rèé tí a ò rí yín, ṣé àlàáfíà ni?" "Alhaja, ẹ̀rù ń bà mí o." "Mo sọ fún pásítọ̀ wa kí wọ́n fi yín sínú àdúrà. Ẹ má bínú pé mùsùlùmí ni yín." Èyí tó kẹ́yìn ni: "Ìyá mi ṣàìsàn báyìí náà kí wọ́n tó lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn."

Mo kọ òótọ́. Mo kọ ọ́ tán pátá, ó gùn. Mo pa á rẹ́. Mo kọ ọ́ pé, "Ara mi ò yá díẹ̀ ni." Mo wá rí i pé mo tún ti kọ ọ́ lórúkọ Mọ́mì. Mo sọ fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé ó ta mí.

Jímọ̀, ọjọ́ 20

Agádágodo tuntun lẹ́nu ìsọ̀. Àwọn aládùúgbò ìsọ̀ ń wò ó, wọ́n ń mójú kúrò. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Ṣé lóòótọ́ ni ìyá yín ò lè mú sùúrù ni?" Mo fẹ́ lù ú. Ta ló yẹ kí n kọ́kọ́ lù?

Mo bá Aliyah nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìkòsí. Ó ní Mọ́mì ń sunkún báyìí ju ìgbà tí Dádì kú lọ. Wọ́n ní àwọn ò búra rí láyé àwọn, kódà lórí ọjà, kódà nígbà tí wọ́n fẹ́ jà wọ́n lólè. Wọ́n ní ìbúra kì í ṣe nǹkan tí ènìyàn ń bá ṣeré, bó tiẹ̀ jẹ́ òótọ́ lo ń sọ. Ó ń ṣe wọ́n bí ẹni pé àwọn máa fi ọwọ́ kan iná.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti bi mí lónìí," Aliyah sọ, "pé, 'Ṣé Mutolib máa wà níbẹ̀?' Wọ́n ní tí ẹ bá wà níbẹ̀ ara àwọn á balẹ̀."

Mi ò lè kọ̀wé mọ́ lónìí.

Àìkú, ọjọ́ 22

Ó ti parí. Mo sọ ọ́.

Mo fẹ́ lọ bá Mọ́mì kí àwọn yòókù tó dé. Mo tètè kúrò nílé. Mo rìn dé orí òpópónà wọn, mo yí padà, mo ra omi tútù, mo tún padà, mo tún yí. Ojo ni mí. Nígbà tí mo fi wọlé, gbogbo wọn ti jókòó.

Mọ́mì ti ṣe àlùwàlá. Ọwọ́ wọn ṣì tutù. Alfa gbé Al-Kùránì sórí tábìlì kékeré, ó ṣí aṣọ funfun kúrò lórí rẹ̀. Mọ́mì na ọwọ́.

Mo pariwo pé, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n búra!"

Alhaji Rahmon ní, "Kí ló dé?"

Mo ti wà nílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Èmi ni. Èmi ni Alhaja Alátà. Fọ́tò ọdún tó kọjá ni, èmi ni mò ń kọ ọjọ́ sí i. Èmi ni mo dá Nusirat lóhùn. Mọ́mì ò mọ nǹkan kan. Wọn ò kúrò nílé yìí."

Alfa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Asitagafurulai." Mo yọ fóònù jáde, mo ṣí i, mo gbé e fún Alfa, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tẹ̀ láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún. Nusirat rí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ níbẹ̀, ó fi ìborùn bo ẹnu. Alhaji Rahmon bú mi. Wọ́n pè mí ní olè, wọ́n pè mí ní ọmọ yàhúù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Mọ́mì na ọwọ́ sí Alfa pé kí ó gbé fóònù náà wá.

"Èyí tí o kò kọ nǹkan sí, ṣé ó wà níbẹ̀?"

Mo ní ó wà. Mo ṣí i fún wọn.

Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. Wọ́n wo ara wọn níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá fi ìka tọ́ka sí igun ìsàlẹ̀. "Kí lèyí?"

Mo ní, "Àtàǹpàkò Alhaji Ṣùáíbù ni, Mọ́mì. Àwọn ló ya fọ́tò náà. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú."

Èékánná àtàǹpàkò yẹn dúdú. Àpótí tòmátì ló já lé e lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, kò sì funfun mọ́. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú ilé yẹn. Alhaji Rahmon dìde láti wò ó, wọ́n ní, "Bọ̀dá mi," wọ́n sì ṣí fìlà lórí, wọ́n fi bojú.

Mọ́mì ní, "Mo rántí. Wọ́n ní kí n má rẹ́rìn-ín o, kí n dúró bí Alhaja gidi. Ìyẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín." Wọ́n ń fi ìka pa igun fọ́tò náà. "Nínú gbogbo èyí tí o gbé síta, mi ò rí ìka yìí."

"Mo gé e kúrò, Mọ́mì."

"O gé wọn kúrò."

Wọ́n wá gbójú sókè wò mí. Mo wo ẹní.

"Ojú mi lo fi ń jẹun lójoojúmọ́, Mutolib. O ò wá lè wo ojú náà mọ́. Mo ń rò pé bóyá mo ṣẹ̀ ọ́ ni. Mo ń bi ara mi pé kí ni mo fi ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó fi pa mí tì nínú ọ̀fọ̀."

Mo bẹ̀bẹ̀. Aliyah kò wò mí. Alfa bá mi bẹ̀ wọ́n. Alhaji Rahmon gbé kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ sórí ẹní níwájú Mọ́mì, wọ́n kúnlẹ̀ ẹsẹ̀ kan, àgbà ọkùnrin, wọ́n ní, "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi orí jì mí." Mọ́mì ní àwọn ti gbọ́.

Ìgbà tí mo fẹ́ jáde ni wọ́n dá mi dúró. Wọ́n ní, "Gbogbo Jímọ̀, títí n óò fi jáde opó, kí o máa wá jókòó síwájú mi. Má gbé ata wá. Má gbé tàtàṣé wá. Ojú rẹ ni kí o gbé wá."

Ajé, ọjọ́ 23

Alhaji Rahmon fúnra wọn ló lọ ṣí agádágodo, lójú ọjà, wọ́n sọ ọ́ sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́ pé àṣìṣe ni, pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n àwọn ò jáde. Wọ́n dárúkọ mi. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ Aliyah kí ó ya mí níwájú ìsọ̀. Kò kọ́kọ́ fẹ́. Ó yà mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó fún mi ní fóònù padà láìsọ̀rọ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Irùngbọ̀n mi wúru. Mo gbé e sórí WhatsApp, mo fi orúkọ mi sí i, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé èmi ni mo ti ń tajà fún yín, pé obìnrin tí ẹ rí, àbúrò ìyá mi ni, pé mi ò gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, pé wọ́n wà nílé nínú opó ní gbogbo ọjọ́ tí mo ní wọ́n wà lọ́jà. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ padà, kí ó sọ.

Ẹni mẹ́rìndínlógójì ló ti yọ mí kúrò kí ó tó di ọ̀sán. Àwọn kan bú mi. Òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 25

Ìyáàfin Adédiwúrà pè mí. Mo gbé e. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa gbọ́ ohùn mi.

Ó ní, "Ìwọ lo wà lẹ́nu fóònù nígbà tí mo sọ̀rọ̀ ìyá mi fún ẹ?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwọ lo ní kí Ọlọ́run dá ìyá mi sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìyá mi ti kú láti ọdún méjì." Ó tún ní, "Mi ò lè ra ata lọ́wọ́ ẹ mọ́. Ṣùgbọ́n bá mi kí Alhaja. Sọ fún wọn pé mo bá wọn kẹ́dùn ọkọ wọn." Ó gé e.

Ata tí mo tà lónìí kò kún kọ́ńgò kan.

Jímọ̀, ọjọ́ 27

Mo lọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ọwọ́ mi ṣófo, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ fi sí.

Wọ́n ti tẹ fọ́tò náà jáde, wọ́n fi sínú férémù lórí tábìlì. Kì í ṣe èyí tí mo gé. Àtàǹpàkò Alhaji wà nígun rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Aliyah wà nílé, ó ń gé ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó dá kíkí mi lóhùn, ó kúrú, ṣùgbọ́n ó dá mi lóhùn.

Mọ́mì ní kí n jókòó. Mo jíṣẹ́ Ìyáàfin Adédiwúrà fún wọn, wọ́n ní Ọlọ́run á tẹ́ ìyá rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ rere. Mo ń ka àwọn ilà tó wà lára ẹní.

"Mutolib. Òkè níbí ni mo wà."

Mo gbé ojú sókè. Ó nira o, ó nira ju ẹrù tòmátì lọ. Wọ́n wò mí, wọ́n wò mí, bí ẹni ń wá nǹkan nínú oko.

"Kí ló dé gan-an tí o fi yọ tìẹ kúrò lórí fóònù?"

Mo sọ fún wọn. Mo ní obìnrin kan ní Gbàgádà ló ní ojú mi jọ ti ọmọ yàhúù.

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, níbi tí irùngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi kan iwájú orí mi.

"Ojú ẹ̀gbọ́n mi rèé," wọ́n sọ. "Látọjọ́ tí ìyá rẹ ti kú, ibí yìí nìkan ni mo ti ń rí i. Òun lo lọ fi pamọ́ yẹn."

Ojú mi ṣú, mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé. Wọn ò ní kí n dákẹ́. Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n béèrè iye tí tòmátì ń lọ lọ́jà, mo sì sọ fún wọn.